Bọ́tìnnì tó hàn àbí èyí tó fara pamọ́: ìfiwéra fún ẹni tó ń ra fóònù sílé

Bí o bá wà ní Abùjá tàbí Èkó, tí o fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́ sí Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Kàbà, owó rẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà bátìrì. Kò burú. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí: nínú gbogbo iṣẹ́ tí fóònù yẹn lè ṣe, èwo ló hàn sójú, èwo ló sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá ti fi hàn tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè rí i?

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe fóònù àti áàpù ti ń kó nǹkan kúrò lójú. Ojú fóònù kéré, iṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Wọ́n kó àwọn kan sábẹ́ ìlà mẹ́ta, àwọn kan kò ní yọjú àyàfi bí o bá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn mìíràn sì wà létí ojú fóònù níbi tí kò sí àmì kankan. Ẹni tó ń lo fóònù rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ á kọ́ ọ, á sì gbádùn àyè tó ṣí sílẹ̀. Àwọn tí mo ń kọ èyí fún ni àwọn tó jẹ́ pé ọmọ ló ra fóònù, ọmọ ọmọ ló tò ó nígbà Kérésìmesì, tí gbogbo wọn sì ti wọkọ̀ padà kí oṣù kìíní tó dé ìdajì. Ta ló kù nílé tí yóò tún un fi hàn wọ́n?

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yàn: ṣé mo lè fi ẹnu ṣàlàyé nǹkan yìí lórí ìpè? Ohun tí orúkọ wà lára rẹ̀, ẹnu lè sọ ọ́. "Màmá, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Send sí." Ó parí. Ohun tó jẹ́ pé ìka ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ wo bó ṣe máa ń rí:

— Bàbá, ẹ fi ìka fà á wá sókè láti ìsàlẹ̀.
— Ìsàlẹ̀ ibo?
— Ìsàlẹ̀ ojú fóònù gan-an, sà. Etí rẹ̀.
— Mo ti fà á. Ó tún ti kó nǹkan mìíràn wá.
— Ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀. Ẹ kàn fà á kíá.
— Kíá tó báwo?

Ẹ má gbàgbé pé fóònù tó ń yọ bàbá lẹ́nu náà ló wà létí wọn. Kí wọ́n tó lè wo ojú rẹ̀ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní láti kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì sípíkà, ọpẹ́ sì ni pé ìyẹn hàn.

Bọ́tìnnì mẹ́ta nísàlẹ̀, tàbí fífi ìka fà

Ní 2017 ni Apple gbé iPhone X jáde láìsí bọ́tìnnì Home, èyí tó ń gbéni lọ sílé, ìyẹn ojú ìbẹ̀rẹ̀ fóònù. Google tẹ̀ lé e: Android 9 ní 2018 kó àwọn bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ sínú ìlà kúkúrú kan pẹ̀lú ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì di Android 10 ní 2019, ó ṣeé ṣe láti mú gbogbo wọn kúrò pátápátá. Lórí èyí, fífà láti ìsàlẹ̀ sókè ń gbé ọ lọ sílé, fífà sókè kí o sì dúró díẹ̀ ń kó àwọn áàpù tó ṣí sílẹ̀ wá, fífà láti etí ọ̀tún tàbí òsì wọ inú sì ni ìpadàsẹ́yìn. Ìka kan náà, ibì kan náà, iṣẹ́ méjì: ìyàtọ̀ wọn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ibẹ̀ ni bàbá wa ti há.

Etí òsì tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ní mẹ́nù tó máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ òsì bí èèyàn bá fà á, nígbà tí Android 10 sì dé, etí yẹn kan náà di ibi ìpadàsẹ́yìn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi oko kan lé èèyàn méjì lọ́wọ́. O fẹ́ ṣí mẹ́nù, áàpù tì pa.

Àǹfààní fífà kì í ṣe irọ́ ṣá. Ojú fóònù gbòòrò sí i, àtàǹpàkò kò ní láti máa nà lọ sí igun, ó sì yá lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Fún ara rẹ, yan èyí tó wù ọ́. Fún àwọn òbí, bọ́tìnnì mẹ́ta ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Lórí Samsung, wọ inú Settings, Display, lẹ́yìn náà Navigation bar, kí o yan Buttons. Lórí Tecno, Infinix, itel àti àwọn yòókù, ọ̀nà rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù. Kọ "navigation" sínú àyè ìwákiri tó wà lókè Settings, yóò gbé e wá. Ṣe é kí o tó di fóònù náà sínú àpò ẹni tó ń relé.

iPhone kò ní irú àṣàyàn yìí. Ohun tó sún mọ́ ọn ni AssistiveTouch, nínú Settings, Accessibility, Touch. Ó máa ń fi bọ́tìnnì róbótó kan sójú fóònù tí kì í kúrò níbẹ̀, o sì lè ṣètò rẹ̀ kó máa gbéni lọ sílé bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá rẹ bá takú pé iPhone lòun fẹ́, tó sì jẹ́ àlòkù lo máa rà, iPhone 8 tàbí SE ti 2020 tàbí ti 2022 ṣì ní bọ́tìnnì gidi tí ọwọ́ ń bà. Ní 2025, iPhone 16e gba ipò SE, bọ́tìnnì náà sì bá a lọ.

Pípa fóònù

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ó máa ń da àgbà láàmú. Tẹ́lẹ̀, bí o bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀, fóònù á bi ọ́ bóyá o fẹ́ pa á. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, bọ́tìnnì yẹn máa ń jí olùrànlọ́wọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ni. Láti pa fóònù, wàá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àti ti ohùn pa pọ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀: lórí Samsung, ó wà nínú Advanced features, lábẹ́ Side button, lórí ọ̀pọ̀ Android yòókù, inú System, Gestures ni. Bí o kò bá rí i, wá Accessibility Menu nínú Accessibility, kí o tàn án. Ó ń gbé àpótí ńlá kan wá tí pípa fóònù, ohùn àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ìlà mẹ́ta lókè, tàbí àwọn orúkọ nísàlẹ̀

Àmì ìlà mẹ́ta yẹn dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lọ. Ayàwòrán ojú ẹ̀rọ kan, Norm Cox, ló yà á fún kọ̀ǹpútà Xerox Star tó jáde ní 1981. Ó sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jí nígbà tí fóònù olójú fífẹ̀ dé, tí àyè sì há. Ní 2016, Nielsen Norman Group, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, fi mẹ́nù tó pamọ́ wé èyí tó wà níta pẹ̀lú àwọn tó ń lo ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n bá fi mẹ́nù pamọ́, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó, iṣẹ́ ń pẹ́ jù, ó sì ń nira lójú wọn ju bí wọ́n ṣe ń rí i nígbà tí mẹ́nù bá wà níta.

WhatsApp fúnra rẹ̀ kó àwọn abala rẹ̀ lórí Android wá sísàlẹ̀ ní 2024: Chats, Updates, Communities, Calls, pẹ̀lú orúkọ lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣeé sọ lórí ìpè. Ṣùgbọ́n Settings ṣì wà lábẹ́ àmì tó-tò-tó mẹ́ta ní igun ọ̀tún lókè. Bí áàpù méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, yan èyí tí ohun tí wàá ṣe lójoojúmọ́ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Àwòrán nìkan kò tó. Èmi kò tíì rí ìyá kan tó mọ̀ pé àmì bíi jíà ọkọ̀ túmọ̀ sí Settings.

Áàpù báńkì, tàbí kóòdù

Ibí yìí ni ìdánwò ìpè ti mú èsì tó yà mí lẹ́nu wá. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, kóòdù báńkì ló fara pamọ́ jù. *737# ti GTBank, *894# ti First Bank, *901# ti Access, *966# ti Zenith: kò sí àmì kan lójú fóònù tó máa sọ fún ọ pé wọ́n wà. Bí o kò bá mọ nọ́ńbà náà, bí ẹni pé kò sí ni. Síbẹ̀, òun ló rọrùn jù láti ṣàlàyé lórí ìpè.

Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló pamọ́, ẹnu lè sọ ọ́, bírò sì lè kọ ọ́ sẹ́yìn páálí fóònù. Kò sí bí o ṣe fẹ́ kọ fífi ìka fà sílẹ̀ tí yóò yé ẹni tó ń kà á. Ohun kejì ni pé bí o bá ti tẹ kóòdù, gbogbo nǹkan á wá síta: 1 fún èyí, 2 fún ìyẹn, nọ́ńbà kan fún ohun kan. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, nínú ìlànà mẹ́wàá tó gbé jáde ní 1994, ní kí ojú ẹ̀rọ jẹ́ kí èèyàn dá nǹkan mọ̀ dípò kó máa gbìyànjú láti rántí rẹ̀. Kóòdù rú òfin yẹn níbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì pa á mọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù. Ti áàpù yàtọ̀: àmì rẹ̀ wà níta gbangba, àmọ́ tí o bá wọlé tán, o lè wá ibi tí wọ́n ti ń ra iná títí agara á fi dá ọ.

| | Áàpù báńkì | Kóòdù |
|---|---|---|
| Fóònù tó lè lò ó | Fóònù olójú fífẹ̀ | Èyíkéyìí, títí kan oní-tọ́ọ̀ṣì |
| Dátà | Ó ń fẹ́ ẹ | Kò fẹ́ ẹ |
| Owó ìlò | Dátà tí o ti rà | 6.98 náírà fún ìṣẹ́jú-àáyá 120, láti inú owó ìpè, láti oṣù kẹfà 2025 |
| Ohun tí a ní láti rántí | Ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí PIN, àti ibi tí nǹkan wà | Kóòdù àti PIN |
| Bí o bá ń ronú lọ́wọ́ | Ó máa ń dúró dè ọ́ díẹ̀ | Ó lè já, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ |
| Rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ owó | Ó wà, o lè fi ránṣẹ́ | Díẹ̀ ni |

Jíjá yẹn ni àbùkù kóòdù. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó ń wá awò rẹ̀ lọ́wọ́, kóòdù kò ní sùúrù fún un. Áàpù náà sì ní àbùkù tí kóòdù kò fi bẹ́ẹ̀ ní: ó lè ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru, kí ó di àárọ̀ kí ibi tí o fi han màmá ti yí padà. O ti kọ́ wọn pé àmì kejì láti ọ̀tún ni. Àmì kejì láti ọ̀tún ti di ibi tí wọ́n ti ń yáwó. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju kóòdù tó já lọ.

Ìpinnu mi: oníṣòwò tó ń ra kajú tàbí ẹ̀pà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìjùmú, tó gbọ́dọ̀ fi rìsíìtì han èèyàn, tó sì fẹ́ rí ohun tó san lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó lo áàpù. Ìyá tó ń rán owó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tàbí ẹni tó wà ní abúlé Bùnú níbi tí dátà kì í dúró, kóòdù ni. Kọ kóòdù náà sílẹ̀. Má kọ PIN sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láéláé. Béèrè lọ́wọ́ báńkì fún kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa bí fóònù bá sọnù, kí ìwọ tí o wà lókèèrè kọ tìrẹ sọ́wọ́.

Lórí owó ìpè, nǹkan ti dẹ̀ díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀. Láti 2023, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, ti mú kí gbogbo wọn lo ọ̀kan náà: *310# láti mọ owó tó kù, *311# láti fi káàdì sínú, *312# láti ra dátà, *323# láti mọ dátà tó kù. Bébà kan ṣoṣo lára ògiri tó fún gbogbo ilé, MTN ni o, Airtel ni o. Bí owó ìpè bá sì ń ṣófo láìnídìí, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n ti fi orúkọ wọn sí iṣẹ́ kan tó ń gba owó lójoojúmọ́. Wíwọ inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń hàn kedere. Ọ̀nà àtijáde rẹ̀ ló máa ń pamọ́.

Títẹ̀ mọ́lẹ̀, àti ọmọ tó pòórá

Lórí WhatsApp, títẹ orúkọ èèyàn máa ń ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń yàn án, àwọn àmì kan á sì jáde lókè: èyí tó ń pa á rẹ́, èyí tó ń pa ohùn rẹ̀, èyí tó ń kó o lọ sí Archived, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Àgbà tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lè ṣe èyí láìmọ̀. Láti 2021, ẹni tó bá ti wọ Archived kì í jáde mọ́, kódà bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ tuntun. Ọmọ á máa kọ̀wé, ìyá á máa sọ pé ọmọ ti gbàgbé òun. Mo mọ ilé tí èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Wọ Settings, Chats, kí o pa Keep chats archived. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tuntun á máa fa ẹni náà jáde.

Ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ tún wà. Tẹ máìkì mọ́lẹ̀ kí o máa sọ̀rọ̀, fà á sókè kó lè dúró fúnra rẹ̀, fà á sí òsì láti fagi lé e. Àgbà ń lo máìkì yẹn ju ọmọdé lọ, títẹ̀ mọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì dí wọn lọ́wọ́ nítorí pé àwòrán máìkì náà wà níta, ó sì jọ ohun tó ń ṣe. Fífà á sókè ni wọn kì í mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ohùn wọn fi ń já láàárín àdúrà.

Ibì kan wà tí pípamọ́ gan-an jẹ́ iṣẹ́ tí a fẹ́. WhatsApp gbé Chat Lock jáde ní 2023, ó sì fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ kún un kí ọdún náà tó parí: àwọn ọ̀rọ̀ tí o tì pa kò ní hàn rárá títí o fi máa kọ kóòdù náà sínú àyè ìwákiri. Ẹni tó bá gba fóònù rẹ lọ́wọ́ rẹ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Àwòrán ojú kékeré tó ń bo iye owó rẹ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ áàpù báńkì tún dára jù ú lọ lójú tèmi, nítorí owó ló ń pamọ́, bọ́tìnnì náà wà níta. Lo ó bí o bá dúró níwájú oní-POS ní ọjà Kàbà.

Kọ̀ǹpútà

Microsoft ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní gbangba. Windows 8, ní 2012, yọ bọ́tìnnì Start kúrò. Ẹni tó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà ní láti gbé máòsì lọ sí igun ọ̀tún kí àwọn àmì kan tó yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ariwo pọ̀. Bọ́tìnnì padà ní 2013 pẹ̀lú Windows 8.1, mẹ́nù rẹ̀ sì padà ní 2015 pẹ̀lú Windows 10.

Èyí tó ṣì ń ṣe wá ní jàǹbá ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ etí ọ̀tún tó ń fi hàn pé ojú ewé ṣì kù nísàlẹ̀. Mac ti ń fi í pamọ́ láti 2011, Windows náà sì ń ṣe é báyìí. Ọmọ tó ń kọ fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lè rò pé fọ́ọ̀mù ti parí níbi tí ojú rẹ̀ dé. Bí ìwọ lo ni sẹ́ńtà náà, lórí Windows 11 wọ Settings, Accessibility, Visual effects, kí o tan Always show scrollbars.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń sanwó fún áàpù

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti alájẹṣẹ́kù ti ń ronú áàpù fún owó ọdọọdún tàbí ti oṣooṣù àti àkọsílẹ̀ ẹrù. Bí àwọn méjì bá mú iṣẹ́ wá, ọ̀kan á lẹ́wà, èkejì á kún fún ọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí ẹwà nìkan yàn fún yín. Àwọn ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń ṣe jù, kí wọ́n wà níta pẹ̀lú orúkọ, ní Yorùbá bí ó bá ṣeé ṣe. Títẹ̀ mọ́lẹ̀ àti fífà lè wà bí ọ̀nà àbùjá fún akọ̀wé tó ń lò ó lójoojúmọ́, kí ó má jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun tó léwu nìkan, bíi pípa orúkọ èèyàn rẹ́, ni mo gbà kí ó jìnnà díẹ̀, kí ó sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Wo ọ̀nà àtijáde pẹ̀lú. Láti 2010 ni Harry Brignull, onímọ̀ nípa ojú ẹ̀rọ, ti ń tú àṣírí àwọn ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti tan èèyàn jẹ, tí wọ́n ń fi ibi ìfagilé pamọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pè é lórí bí wọ́n ṣe ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún Prime, iṣẹ́ wọn tí èèyàn ń sanwó fún déédéé, àti bí ó ṣe ṣòro tó láti jáde. Ní kí olùṣe áàpù fi hàn yín, lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe máa dá owó tí wọ́n ń yọ dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán áàpù méjèèjì wò báyìí. Ẹ fi fóònù fún ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Ògìdì tí kò rí i rí. Kí akọ̀wé pè é láti Lọ́kọ́jà, kí ó sì ní kó san owó ẹgbẹ́ ti oṣù kan. Kí olùṣe áàpù jókòó ti akọ̀wé, kó má sọ̀rọ̀. Ibi gbogbo tí ẹni tó wà ní Ògìdì bá ti béèrè pé "Níbo?", kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tàbí bọ́tìnnì kan ní láti jáde síta kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù.